Igi ẹyẹ wo ló yẹ ẹ̀yìnkùlé yín? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa ya fọ́tò ẹyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Igi àkọ́kọ́ tí mo rì sẹ́yìnkùlé wa, ikán ló jẹ ẹ́. Ẹ̀ka kajú gbígbẹ ni, ó rí págunpàgun, ó ní kókó lára, ó sì yọ ìwo bí orí àgbọ̀nrín. Mo ti ń fojú inú wo bí ẹ̀gà ṣe máa rí lórí ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó wó gbì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti di amọ̀ nínú ilẹ̀. Bàbá onílé wa tó jókòó sábẹ́ máńgòrò wò mí títí, wọ́n ní, “Àtè lo fẹ́ máa dẹ ni?” Mo ní, “Rárá o, bàbá. Fọ́tò ẹyẹ ni mo fẹ́ máa yà.” Wọ́n ní, “Ṣé fọ́tò yẹn ṣe é fi jẹ ẹ̀kọ?”

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ òótọ́ wà nínú ìbéèrè wọn. Ohun tí ẹni tó ń dẹ àtè mọ̀ náà ni ẹni tó ń ya ẹyẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà wọlé, ohun tó ń wá bọ̀, ibi tó máa ń kọ́kọ́ bà sí láti wò yíká kó tó sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ìyàtọ̀ wa ò ju pé ẹyẹ tiwa á fò lọ nígbà tó bá wù ú.

Ohun tí mo ń pè ní igi ẹyẹ níhìn-ín ni igi tí èèyàn dìídì gbé kalẹ̀ kí ẹyẹ lè bà lé e níwájú kámẹ́rà. Kì í ṣe pé ẹyẹ ò ríbi bà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbójú sókè ní Tákié láàárọ̀, ẹ máa rí àdàbà tó tò sórí wáyà iná bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya ẹyẹ lórí wáyà, ikùn ẹyẹ ló yà, ojú ọ̀run funfun ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Igi ẹyẹ ló ń sọ ẹyẹ kalẹ̀ dé ojú yín. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, mo sì ti dán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wò, nítorí náà mo máa fi wọ́n wé ara wọn bí wọ́n ṣe rí lọ́wọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àga

Àṣìṣe tí mo ṣe, tí mo sì ń rí lọ́wọ́ ẹlòmíì, ni pé a máa ń kọ́kọ́ wá igi tó rẹwà, a ó rì í síbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá máa wá ibi tí a máa jókòó sí. Àga ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ máa wà lẹ́yìn yín, ẹ jókòó, ẹ wo iwájú dáadáa. Bó bá jẹ́ ògiri funfun, páànù tó ti dógùn-ún tàbí aṣọ tí wọ́n sá ló wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí igi tó lè tún fọ́tò yẹn ṣe. Bó bá jẹ́ ewé máńgòrò tàbí koríko ni, tó sì jìnnà tó mítà 8 sí 10 sí ibi tí ẹyẹ máa bà sí, ẹ̀yìn fọ́tò á rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi aró kùn ún, ẹyẹ nìkan ló máa yọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò kan sọ́kàn. Bí ẹ bá lo lẹ́ńsì 400 mm (irú èyí tó ń fa ohun tó jìn sún mọ́ni) ní f/5.6 (ìyẹn bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), tí ẹyẹ wà ní mítà 4 sí yín, ohun tó máa mọ́ kedere nínú fọ́tò ò ju bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka fi gbọ́dọ̀ dábùú níwájú yín. Ẹ̀ka tó bá nà tààrà sí kámẹ́rà bí ìka tí wọ́n na síni, ibì kan ṣoṣo lórí ẹ̀ ló máa mọ́, ẹyẹ kì í sì í sábà bà síbẹ̀.

Oòrùn tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó máa ń yọ láàárín nǹkan bí aago 6:20 sí 7:05 yípo ọdún, àmọ́ ojú ibi tó ń gbà yọ máa ń yí padà. Lóṣù Òkúdu, ó máa ń tẹ̀ sápá àríwá; tó bá di oṣù Ọ̀pẹ, ó ti bọ́ sápá gúúsù. Igi tí ìmọ́lẹ̀ ń bù kún lásìkò Kérésì lè wà lábẹ́ òjìji ilé nígbà òjò. Ẹ rántí èyí, torí òun ló jẹ́ kí n yí ọkàn padà lórí ohun tó kàn.

Ẹ̀ka tí a rì mọ́lẹ̀ àti òpó inú ike

Ẹ̀ka tí a rì mọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, torí kò náni ní nǹkan kan. Àdá kan, ihò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, òkúta mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti fi há a, ó parí. Ẹyẹ kì í fura sí i. Lójú tiwọn, igi ni. Àwọn ẹyẹ tó ń ṣọdẹ láti orí ìjókòó fẹ́ràn ẹ̀ ju ohunkóhun lọ, pàápàá bí kò bá léwé lórí. Ẹ ti rí èyí tí ẹnu rẹ̀ pupa lókè tó dúdú nísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ojú sánmà, tó máa ń já lu eéṣú nínú koríko? Orí irú igi bẹ́ẹ̀ ni mo ti yà á. Ẹyẹ dúdú onírù pàlàkà tó ń mú kòkòrò lójú òfurufú náà ò ní kọ̀ ọ́. Bí ẹ̀ka náà bá tóbi tó sì ti kú tipẹ́, àkókó lè wá sọ ọ́ wò.

Ikán ni ọ̀tá ẹ̀. Igi máńgòrò àti kajú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù ní ìlú wa, kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Dòngóyárò sàn jù wọ́n lọ, inú igi tíìkì tó gbó sì sàn ju dòngóyárò lọ. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì dúdú ti mẹkáníìkì kun ẹsẹ̀ òpó. Fún ọgbà àgbàdo, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ nítòsí ibi tí ẹyẹ ti ń nu ẹnu mọ́ igi. Kí ẹ jó ẹsẹ̀ igi náà nínú iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, ó tó. Ó máa ń fún yín ní oṣù díẹ̀ sí i.

Àbùkù kejì ló dùn mí ju ti ikán lọ. Igi tí ẹ bá ti rì, ẹ ti rì í nìyẹn. Oòrùn yí kúrò, igi ò lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ogún fọ́tò, gbogbo ẹyẹ tí ẹ yà á dà bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí òpó inú ike. Ike ọ̀dà lítà 20 kan ni, páìpù ike oníìnṣì 2 tó gùn tó mítà kan, àti kọnkéré díẹ̀. Ẹ ki páìpù bọ àárín ike, ẹ da kọnkéré sí i títí dé ìdajì. Kọnkéré lítà 10 máa ń wọn tó kílò 24: ìjì kékeré ò lè bì í ṣubú, ẹni méjì sì lè gbé e láìsí wàhálà. Kó tó di pé ẹ dà á, ẹ lu ihò kékeré sára páìpù níbi tó máa ga díẹ̀ ju ojú kọnkéré lọ, ẹ tún lu òmíràn sára ike ní ìwọ̀n yẹn, kí omi òjò lè máa jáde. Èmi gbàgbé ti àkọ́kọ́, ẹ̀fọn sì fi ibẹ̀ ṣe ilé ọmọ. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ àti koríko bo orí ike kó má baà hàn nínú fọ́tò.

Gbogbo oyin ẹ̀ wà nínú pé ẹ̀ka tí ẹ bá ki sẹ́nu páìpù ṣe é pààrọ̀. Lónìí, ẹ̀ka máńgòrò tí èpò funfun ti hù sí lára. Lọ́la, ọwọ́ ọ̀pẹ gbígbẹ. Bí ìkórè bá dé, ẹ wá pòròpórò ọkà bàbà tó ṣì ní ọkà lórí, ẹ ki òun náà bọ páìpù, kí ẹ wá wo bí ẹ̀gà ṣe máa dé. Àwọn àgbẹ̀ tó ti fi kànnàkànnà lé ẹ̀gà lóko láti kékeré á rò pé orí yín ti dàrú tí ẹ bá ń fi ọkà bàbà pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Kò ṣàì ní àléébù. Ó ń náni lówó díẹ̀, kò sì rẹwà lójú bí ẹ bá wò ó lódindi. Àwòrán orí ẹ̀ nìkan ló wúlò. Ẹyẹ tún máa ń fura sí i. Ní ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló kọjá kí ológoṣẹ́ kan tó láyà bà lé e, lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe lo páìpù irin o. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà á mú un gbóná débi tí ọwọ́ yín gan-an ò ní lè dì í mú, ká má tíì sọ ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ike ni màá mú, pàápàá fún ẹni tó háyà ilé. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ó máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyẹ aláìjẹkà tó ń ṣọdẹ kòkòrò lẹ fẹ́, tí ẹ sì nílẹ̀ tiyín, ẹ̀ka ńlá tí a rì mọ́lẹ̀ ń borí, torí kò sí ike tó lè gbé ẹ̀ka gíga mítà mẹ́ta dúró.

Igi tó ń hù

Ẹ̀ka akòko tí ẹ bá gé nígbà òjò tí ẹ sì rì mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa yọ ewé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká ṣe mọ̀. Lápálápá náà rí bẹ́ẹ̀. Ikán kì í sábà dààmú wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti wà láàyè, wọ́n sì ń fún ẹyẹ níbi tó lè sá sí. Nígbà tí wọ́n bá tanná, àwọn ẹyẹ kékeré tí ẹnu wọn gùn tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ara akọ wọn ń dán bí irin tuntun, máa ń wá mu oje òdòdó. Irú àwọn wọ̀nyí ò bìkítà fún ọkà yín.

Fọ́tò ibẹ̀ ló nira. Ewé máa ń bo ojú ẹyẹ, ẹ ó sì máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ò kà á sí igi ẹyẹ gidi, mo kà á sí ibi ìsádi fún ẹyẹ: mo gbìn ín sí mítà méjì tàbí mẹ́ta sí òpó inú ike, kí àṣá má baà ká wọn mọ́ ìta gbangba. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé, kó yàgò fún lápálápá, torí májèlé wà nínú kóró èso ẹ̀. Akòko tó o, kí ìjòyè àdúgbò sì má bá yín jà tí wọ́n bá wá já ewé.

Okùn

Ẹ ti mọ ohun tí àwọn àgbà sọ: ẹyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ. Mo fi kún un pé ara ò rọ oníkámẹ́rà náà. Ohun tí a so rọ̀ máa ń mì, fọ́tò á sì dà bí ìgbà tí èèyàn ń yà á láti inú mọ́tò. Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìtì igi olóúnjẹ àti abọ́ omi

Ibi tí igi wà kò tó láti pe ẹyẹ. Nǹkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, àsìkò ló sì ń yàn láàárín wọn.

Ti oúnjẹ, ẹ wá ìtì igi gbígbẹ, ẹ gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ẹ̀, ní apá tí kámẹ́rà ò ti rí i. Ẹ ki ìbẹ́pẹ tó pọ́n tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí orí ẹ̀ dúdú, tó máa ń jí wa láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ariwo, á fi máa dúró lórí ìtì náà bí olówó ilé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ló ń jẹ. Ọkà bàbà, jéró tàbí àgbàdo fífọ́ ni ti ẹ̀gà, ológoṣẹ́ àti àdàbà. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí búrẹ́dì. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, kó tán kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eku lẹ ń bọ́.

Oúnjẹ ní wàhálà kan: ẹ̀gà. Bí ọ̀kan bá ti rí i, ogún ló máa dé, gbogbo wọn á sì máa bá ara wọn jà lórí igi kan ṣoṣo. Fọ́tò ìjà wọn dùn fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ẹ ò ní rí ẹyẹ mìíràn mọ́. Ohun tó ṣèrànwọ́ fún mi ni pé mo gbé oúnjẹ ẹ̀gà lọ sí ìkángun kejì ọgbà, mo fi ìtì igi onìbẹ́pẹ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan sì wá jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pòròpórò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí n ya ewúrẹ́ náà ní fọ́tò.

Omi ni mo fẹ́ràn jù, n kò sì ní fi bò. Láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró lóṣù Bélú títí òjò tuntun á fi bẹ̀rẹ̀, abọ́ amọ̀ kan tí omi inú ẹ̀ ò jìn ju sẹ̀ńtímítà 3 sí 5 lọ máa ń pe ẹyẹ tí oúnjẹ ò lè pè. Àwọn tó ń jẹ kòkòrò, àwọn tó ń jẹ èso, àwọn tó ń jẹkà, gbogbo wọn ni òùngbẹ ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Ẹ gbé òkúta sínú abọ́ náà, ẹ gbé ẹ̀ka tín-ín-rín kan dábùú lókè ẹ̀, kí ẹ sì so ike omi tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu sókè kó máa ro tó, tó, tó. Ìró yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí olongo mẹ́fà lórí ẹ̀ka kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìbákà dúró lẹ́yìn wọn tó ń ṣàròyé pé ilẹ̀ ti kún. Eruku ọyẹ́ tún máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn rọ̀, òjìji kì í le lójú ẹyẹ.

Lójoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ da omi náà nù, kí ẹ fọ abọ́, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ tó lè kó àìsàn ran àwọn ẹyẹ mìíràn. Oyin náà máa ń wá mu omi lásìkò yẹn. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ gbé abọ́ mìíràn jìnnà fún wọn, ẹ má bá wọn jà. Nígbà òjò, ẹ kó abọ́ wọlé. Omi wà níbi gbogbo, ẹyẹ ò ní wo tiyín.

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn

Ẹ̀ka tó nípọn jù máa ń jẹ́ kí ẹyẹ kékeré dà bí ẹni tó jókòó sórí ìtì ìrókò. Fún olongo àti ìbákà, ẹ wá ohun tí kò nípọn ju bírò lọ. Atòrì dára púpọ̀: ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wọn, fọ́tò á sì ní ẹ̀mí. Kí ti ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ tó ìka ìlábẹ̀. Àdàbà wúwo, ó sì fẹ́ ibi tó tẹ́jú. Ẹ̀ka tó tó sẹ̀ńtímítà 4 ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ díẹ̀, torí ilẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹlúlùú tó ń pe òjò ńkọ́? Ẹ má ṣe fi àsìkò ṣòfò lórí ẹ̀. Inú igbó dídí ló fẹ́ràn, ọjọ́ tó bá jáde sí gbangba, oore ló ṣe yín.

Ẹni tí kò ní kámẹ́rà ńlá, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀ka orí omi ni kó yàn. Kó gbé fóònù sí nǹkan bí ààbọ̀ mítà sí ẹ̀ka náà, kó fi ewé bò ó ká, kó wá jókòó sínú ilé pẹ̀lú rìmóòtù Bluetooth kékeré. Ẹni tó ní lẹ́ńsì gígùn nílò ibùba. Aṣọ àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ tí a pa láró dúdú ti tó fún un. Àwọn ọdẹ wa máa ń gun ẹ̀gùn sórí igi, àmọ́ ti fọ́tò ò fẹ́ gíga: kí ojú yín àti ojú ẹyẹ ṣe déédéé, ìyẹn bíi mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ láti ilẹ̀.

Bí fèrèsé gíláàsì bá wà nítòsí, ẹ fa aṣọ bò ó lóde tàbí kí ẹ gbé igi ẹyẹ lọ síbòmíì, torí ẹyẹ tó bá ta gìrì lè fò lọ forí sọ ọ́. Ti ológbò, ẹ má jẹ́ kí koríko ga ní ẹsẹ̀ abọ́ omi. Tèmi ti kọ́ bí a ṣe ń lúgọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, látìgbà náà ni mo ti ń fi àdá gé koríko ibẹ̀ lálaalẹ́ Sátidé.